Corolla 2005, máìlì 78,000: ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ti yí i?

Àdìgún_Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra Corolla 2005 kan, tokunbo láti Amẹ́ríkà, 78,000 ló wà lójú mítà ẹ̀, ẹni tó ń tà á ní òun ò fọwọ́ kàn án. Àmọ́ awọ sítíárìn ti bó, rọ́bà pẹ́dà búréèkì sì ti jẹ tán lápá ọ̀tún. Mo fi nọ́ńbà ṣáṣí wo ìtàn ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "Exempt" ni wọ́n kọ síbi máìlì. Kí ló dé?

Ọ̀gá_Mẹkáníìkì: Bọ̀dá, "Exempt" yẹn ò ní kẹ́ẹ sá, kò sì ní kẹ́ẹ rà á. Lófin Amẹ́ríkà, ọkọ̀ 2010 sẹ́yìn tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹni tó ń tà á ò nílò àtikọ máìlì ẹ̀ sílẹ̀ mọ́, àwọn ti 2011 síwájú ni wọ́n sọ di ogún ọdún. Ibi tí wọ́n ti kọ sávíìsì ni kẹ́ẹ wò, tó bá ti gbé 120,000 lọ́dún 2013, kí ló wá ń wá 78,000 lónìí? Ẹ tún wo igun gíláàsì iwájú àti etí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, wọ́n máa ń lẹ sítíkà ọ́ìlì síbẹ̀ pẹ̀lú máìlì tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, àwọn tó ń yí mítà kì í sábà rántí ẹ̀.

Ìyá_Tóbi: Laptop ni wọ́n fi ń yí i, kò pẹ́ rárá. Èmi ò wo nọ́ńbà mọ́ jàre, ẹ́ńjìnì àti jíà ni kẹ́ẹ yẹ̀ wò.

Lákúnlé: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni olè o. Mítà lè bàjẹ́ kí wọ́n fi ti Belgium sí i, máìlì ọkọ̀ tó ti wá nìyẹn á máa gbé. Corolla 2003 sí 2008 náà, tó bá ti dé 299,999 mítà ẹ̀ á dúró síbẹ̀ pa. Táyà ńkọ́, ẹ bọ́ 195/65R15 ẹ fi 205/65R15 tó tóbi jù ú lọ díẹ̀ sí i, mítà á máa fi bíi kìlómítà méjì dín nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ táyà ò lè sọ 120,000 di 78,000 ṣá.

Àdìgún_Ìbàdàn: Mo ti padà lọ wò ó. Sítíkà wà létí ilẹ̀kùn lóòótọ́, 143,500! Ọ̀gbẹ́ni ní ti ọkọ̀ míì ni, ó ti ń bẹ̀ mí pé òun á yọ owó lórí ẹ̀. Èló ló yẹ kó yọ?

Ọ̀gá_Mẹkáníìkì: Ti ọkọ̀ míì, tó wá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tiẹ̀! Ẹ má tíì dá iye kankan o, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kẹ́nìkan gbé e jáde kó gbọ́ bí jíà ṣe ń wọlé, tó bá ń já, ẹ fi sílẹ̀ fún un.