Alùpùpù àlòkù 125 cc: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ọmọ Ìrìnàjò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Alùpùpù àlòkù kan wà tí mo fẹ́ rà, 125 cc, kábúrétọ̀ (èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) ló ń lò, ó ní kíkì, ó sì ní sítátà. Kìlómítà 18,000 ló wà lójú mítà rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní òun nìkan lòun ti ń gùn ún láti ìgbà tó ti wà ní tuntun, pé òun á sì ti ṣáná sí i sílẹ̀ dè mí kí n má bàa dúró pẹ́. Ọ̀la ni mo ń lọ wò ó. Mo mọ̀ ọ́n gùn, n kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kí ni kí n mú dání, kí ni kí n wò? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni 18,000 yẹn?

Sípánà14:
Ẹ tètè pè é padà, kí ẹ sọ fún un pé kó má ṣáná sí i rárá. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í sọ òótọ́. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kan ẹ́ńjìnì àti ọrùn sàlẹ́ńsà kí ẹ tó kí i tán. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jókòó dè é títí yóò fi tutù.

Kí ẹ tó ṣáná, ẹ yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó dúdú kò burú, iṣẹ́ ló ṣe. Èyí tó funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka méjì ra á, tí ẹ wá rí ohun tó ń tàn yinrinyinrin nínú oòrùn, irin ló ń jẹ irin nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ẹ máa bá tiyín lọ. Ọ́ìlì tó mọ́ kedere náà gba ìbéèrè, torí àwọn kan máa ń rọ ọ́ìlì tó ki sí i kí ariwo ẹ́ńjìnì má bàa hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ kíkì wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yẹ kó dé ibì kan tó le, tó máa ta ko ọwọ́ yín. Bó bá kàn ń lọ wọ́rọ́wọ́ láti òkè délẹ̀, kọ́ńpíréṣọ̀n (agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ti lọ.

Ó wá kan ṣíṣáná. Ẹ fa ṣóòkì (èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnì tútù lè gbaná), kí ẹ ta kíkì. Ó yẹ kó gbà láàárín ìtapá bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ dá ṣóòkì padà. Ó yẹ kó dúró lórí ìdúró rẹ̀ láìkú. Bó bá ń kú àyàfi tí ẹ bá fún un níná (tí ẹ yí ọwọ́ hándù kó lè sáré), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹ́ẹ̀tì kékeré (ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà) inú kábúrétọ̀ ló dí, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ńlá.

Èéfín ni kí ẹ fojú sí jù, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó jáde fẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe gbaná tí kò sì jáde mọ́, rọ́bà fáàfù (ìdérí kékeré tó ń ṣí tó ń pa kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí èéfín jáde) ló ti le: ọ́ìlì ti ń jò sínú sìlíńdà (ibi tí epo ti ń jó) nígbà tí alùpùpù dúró. Rọ́bà kan náà ló máa ń mú kó tú búlúù nígbà tí ẹ bá fún un níná tí ẹ sì dá ọwọ́ padà lójijì, torí sìlíńdà máa ń fa ọ́ìlì mu nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ń tú búlúù nígbà tí iná wà lọ́wọ́ tó sì ń fa ẹrù, ríìngì (òrùka irin inú sìlíńdà) tàbí sìlíńdà fúnra rẹ̀ ló ti jẹ, owó ńlá nìyẹn. Dúdú: epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́. Funfun tó pòórá bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná, oru omi lásán ni.

Ẹ mú sukuruduráífà gígùn dání. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi etí ti ìdí rẹ̀. Tá-tá-tá wẹ́wẹ́ láti òkè, fáàfù ló fẹ́ títò. Ariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, táímìn ṣéènì (ṣéènì inú ẹ́ńjìnì tó ń darí fáàfù) ni. Tí ó bá jẹ́ gbì-gbì láti ìsàlẹ̀, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń fún un níná, ẹ má wulẹ̀ dúnàá-dúrà.

Ọ̀gá Kílọ́ọ̀ṣì:
Sípánà14 ti tán ti ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ṣeé pààrọ̀. Fírémù (egungun irin alùpùpù) tó ti wọ́ ni kò ní àtúnṣe gidi, ibẹ̀ lèmi máa kọ́kọ́ lọ.

Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ wo abẹ́ ọrùn níbi tí hándù ti ń kọ́wọ́. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dá hándù dúró tí ẹ bá yí i dé òpin lápá òsì tàbí ọ̀tún. Tó bá ti tẹ̀, tó ti ya, tàbí tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀, alùpùpù yẹn ti ṣubú burúkú rí. Èèyàn máa ń pààrọ̀ iná, mọ́dígáàdì àti táǹkì lẹ́yìn jàǹbá. Irin yẹn kì í wá sí ọkàn wọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ọrùn náà pẹ̀lú: ọ̀dà tó hun jọ tàbí tó ya wẹ́wẹ́ níbẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ ti rìn.

Ẹ gbé e sórí sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn kí táyà iwájú lè gbéra nílẹ̀. Ẹ yí hándù jẹ́jẹ́ láti òsì sí ọ̀tún. Bó bá ń há díẹ̀ láàárín gbùngbùn bí ẹni pé ó fẹ́ tì, béárìn ọrùn (bọ́ọ̀lù irin tó ń jẹ́ kí hándù yí) ti jẹ. Ẹ di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú (ọ̀pá méjì tó ń gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà) mú, kí ẹ tì í kí ẹ sì fà á. Kò gbọdọ̀ dún. Ẹ fi ìka ra ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tó ń dán: ọ́ìlì lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé rọ́bà ti lọ, àmọ́ tí ìpata bá ti gbẹ́ ihò sí i, rọ́bà tuntun náà kò ní pẹ́ ya.

Ṣéènì: ẹ dì í mú níbi tó gbẹ̀yìn pátápátá lára sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn (irin eléyín tí ṣéènì wà lórí rẹ̀), kí ẹ fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ju ìdajì eyín lọ, ó ti nà tán. Nísàlẹ̀ láàárín, gbígbé sókè-sódò rẹ̀ máa ń wà láàárín 20 sí 30 mm lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré. Ẹ yí táyà, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin. Tó bá le níbì kan tó sì dẹ̀ níbòmíràn, títò kò lè wò ó sàn.

Tí ẹ bá gùn ún, ẹ fi sí gíà tó ga jù nígbà tí ẹ ń rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ wá ṣí iná tán. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ké sókè tí alùpùpù kò yára, kílọ́ọ̀ṣì (èyí tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà) ń yọ̀. Ẹ dán gíà kejì wò dáadáa, ẹ fún un níná, ẹ dá ọwọ́ padà. Tó bá fò jáde, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ di títú sí méjì kí ọwọ́ tó lè kan gíà.

Olùṣọ́ Ìwé:
Ní ti 18,000, ẹ má wo mítà nìkan. Okùn mítà ṣeé tú láàárín ìṣẹ́jú kan, èèyàn á sì máa gùn ún lọ. Ohun tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ń kàn ni kí ẹ wò: rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀, rọ́bà gíà, ẹnu kíkì, etí ìjókòó. Tí rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀ bá ti pá borogidi, 18,000 yẹn ṣòro gbà gbọ́. Tí gbogbo rọ́bà bá sì tún jẹ́ tuntun lára alùpùpù tó ti ṣá, ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀. Ara táyà ní nọ́ńbà mẹ́rin níparí kóòdù DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Tó bá ní táyà àtilẹ̀bá ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi ọdún yẹn wé ọdún inú ìwé.

Nọ́ńbà fírémù máa ń wà lára ọrùn. Tó bá jẹ́ èyí tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17, kò gbọdọ̀ sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé, kí ẹ sì ka ti ẹ́ńjìnì pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ti fi ayùn ra, nọ́ńbà tí kò tò gún, tàbí ọ̀dà tuntun níbẹ̀ nìkan: ẹ kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìrìnàjò:
Mo dúpẹ́ gan-an, mo ti pè é, kò ní ṣáná sí i. Ìbéèrè kan ló kù: ó ní kọ́kọ́rọ́ táǹkì yàtọ̀ sí ti iná tí wọ́n fi ń ṣáná. Ṣé ó burú?

Olùṣọ́ Ìwé:
Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kọ́kọ́rọ́ kan ló sábà máa ń ṣí iná, táǹkì àti títì hándù. Tí ó bá yàtọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ sọnù lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan já ibi iná láti jí i gbé. Ẹ wo àmì ìjá lára irin ibẹ̀ àti wáyà abẹ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. Ẹ gba nọ́ńbà fírémù lónìí, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ bóyá wọ́n ń wá a, bóyá gbèsè sì wà lórí rẹ̀. Orúkọ inú ìwé gbọ́dọ̀ bá káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń gba owó mu. Nínú ìwé ìtajà, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì, kìlómítà àti ọjọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.