Àyè àsopọ̀ tàbí àyè ìtọ́kasí?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìwádìí fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ káàkiri àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé àti Lágelú dá àbá pé kí a máa pe àyè inú fọ́ọ̀mù tó ń fa àkọsílẹ̀ kan mọ́ òmíràn ní “pápá àsopọ̀”, kí a sì pe ohun tó wà nínú rẹ̀ ní “kọ́kọ́rọ́ àjèjì”. Wọ́n ní kí a sọ tiwa sí i. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọlé sí mi lára, pàápàá “àsopọ̀”.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àyè náà ń ṣe. Fọ́ọ̀mù méjì wà lórí fóònù òṣìṣẹ́: ọ̀kan fún agboolé, ọ̀kan fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kọ agboolé sílẹ̀, ibi tó wà àti irú omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀. Tí ó bá wá kan àwọn ènìyàn inú rẹ̀, wọn kì í tún gbogbo ìyẹn kọ mọ́. Wọ́n á kàn yan agboolé tí onítọ̀hún ń gbé, fọ́ọ̀mù á sì fi àmì agboolé náà pamọ́ síbẹ̀. ODK, KoboToolbox àti QField, àwọn áàpù tí wọ́n fi ń kún fọ́ọ̀mù ìwádìí lórí fóònù, ló ní irú ètò yìí, bí ọ̀nà wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra.

“Pápá” kò ṣòro láti yanjú. A ti ń pe ìrìn àjò ìwádìí ní “iṣẹ́ pápá” tipẹ́. Tí fọ́ọ̀mù bá wá ń béèrè nípa oko ẹ̀gẹ́, tí a tún ní kí òṣìṣẹ́ kún pápá kẹta, ilẹ̀ ni yóò máa wò. “Ẹ kọ orúkọ yín sí àyè yìí” ni a ń sọ fún ẹni tó ń kún ìwé ní báńkì. Àyè ti tó.

“Àsopọ̀” ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Nínú gírámà tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ọ̀rọ̀ asopọ̀ ni “àti”: Adé àti Òjó, Òjó àti Adé, kò sí ìyàtọ̀. Àyè tí à ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ló ń tọ́ka sí agboolé, agboolé kò tọ́ka sí ẹnì kankan, ogún ènìyàn sì lè tọ́ka sí agboolé kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ tí a bá sọ fún pé kó “so wọ́n pọ̀” lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ “Ilé Balógun” síbẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ á tẹ “Agboolé Balógun”, ẹnìkẹta á tẹ “Ile Balogun” láìsí àmì ohùn. Lójú kọ̀ǹpútà, ilé mẹ́ta nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ orúkọ oyè ni ọ̀pọ̀ agboolé ń jẹ́ n'Íbàdàn yìí, àdúgbò méjì sì lè ní Ilé Balógun lóòótọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ “àyè ìtọ́kasí”. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá rí ló mọ ìwé ìtọ́kasí: ìwé náà ti wà níbòmíràn kí o tó kọ tìrẹ, ìwọ lò ń nawọ́ sí i.

Ní ti “kọ́kọ́rọ́ àjèjì”, “foreign key” ni Gẹ̀ẹ́sì tí a túmọ̀ bẹ́ẹ̀; E. F. Codd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ IBM, lò ó nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ́dún 1970. Ní Yorùbá, kọ́kọ́rọ́ tó bá jẹ́ ti àjèjì, olè ló ń mú wá sọ́kàn. Mo ti fẹ́ sọ pé “nọ́ńbà ìdánimọ̀”, torí NIN ti mú un mọ́ wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: òṣìṣẹ́ kan wà ní Mọ́níyà, èkejì wà ní Lálúpọn, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Tí fóònù bá ń ka agboolé ní 1, 2, 3, àwọn méjèèjì ni yóò ní agboolé 1. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo UUID, àmì gígùn tí a ṣe kó má bàa bá òmíràn dọ́gba, tí fóònù ń ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà pẹ̀lú àmì dáàṣì, 36 lápapọ̀. Lẹ́tà wà níbẹ̀, “àmì ìdánimọ̀” ló bá a mu.

Àǹtí wa kan ní kí a má pe àkọsílẹ̀ agboolé ní ìyá, kí a má sì pe ti ènìyàn inú rẹ̀ ní ọmọ, pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ọmọ ló ń tọ́ka sí ìyá, tí wọ́n bá sì pa àkọsílẹ̀ ìyá rẹ́, aláìníyàá ni èyí tó kù.

Ibi tí ìyá àti ọmọ ti kọ̀ ni oko. Àgbẹ̀ kan lè ní oko mẹ́ta, àgbẹ̀ mẹ́rin sì lè jọ máa ro oko kan. A ní láti ṣe fọ́ọ̀mù kẹta tó ní àyè ìtọ́kasí méjì, ọ̀kan sí àgbẹ̀, ọ̀kan sí oko, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìyá èkejì nínú wọn. Fọ́ọ̀mù kẹta yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n tọ́ sí: fọ́ọ̀mù àsopọ̀.