"Àmì àìsàn" kọ́ ni biomarker: ọ̀rọ̀ lórí kídìnrín aláboyún tó ní àtọ̀gbẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlera fáwọn aláboyún ní ká pe biomarker, ìyẹn ohun tí wọ́n ń wọ̀n ní lábù láti fi mọ bí ẹ̀yà ara kan ṣe ń ṣe sí, ní "àmì àìsàn inú ẹ̀jẹ̀", ẹlòmíì ní "ẹlẹ́rìí ẹ̀jẹ̀" ló dáa jù. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ohun tí aláìsàn fúnra ẹ̀ rí tàbí tó mọ̀ lára là ń pè ní àmì àìsàn: ojú wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ wú, ìtọ̀ ń hó bí ọṣẹ. Ẹsẹ̀ wíwú sì rèé, àìmọye aláboyún tí nǹkan kan ò ṣe ló ń ní in. Èyí tá à ń wá orúkọ fún, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n lára, àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí lábù. Tá a bá wá kọ "àmì àìsàn" sínú ìwé yẹn, obìnrin tó kà á á wo ara ẹ̀ lókè wo ìsàlẹ̀, á ní òun ò rí àmì kankan, á sì jókòó sílé. "Ẹlẹ́rìí" ní tiẹ̀, tó bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "ẹ̀jẹ̀", Ẹlẹ́rìí Jèhófà lọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa lọ bá.

"Atọ́ka" lèmi fara mọ́, torí ṣe ló ń nawọ́ síbi tó yẹ kí dókítà wò, kò tíì dájọ́. Àmọ́ oríṣi méjì ni, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Creatinine, ìdọ̀tí tó ń wá látinú iṣan ara ni, kídìnrín ló ń sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀, tíṣẹ́ kídìnrín bá dín kù á pọ̀ lẹ́jẹ̀ẹ́, iṣẹ́ yìí náà sì ni cystatin C, èròjà protein kan nínú ẹ̀jẹ̀, ń tọ́ka sí. NGAL, tóun náà jẹ́ èròjà protein, ò rí bẹ́ẹ̀, òun ti lè máa lọ sókè látìgbà tí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìtọ̀ ń gbà nínú kídìnrín bá ti fara gbọgbẹ́, kí creatinine tó mira rárá. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn méjì àkọ́kọ́ ní "atọ́ka iṣẹ́ kídìnrín", ká pe NGAL ní "atọ́ka ọgbẹ́ kídìnrín".

Kì í ṣe pé mò ń wá àríyànjiyàn o. Nínú oyún, kídìnrín máa ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdajì, creatinine á wá lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí creatinine tó jẹ́ 0.9 mg/dL ò fi ní da ẹnikẹ́ni láàmú lára ẹni tí ò lóyún, àmọ́ tó bá jẹ́ aláboyún ni, ó yẹ kí wọ́n tún un wò. Cystatin C náà máa ń gòkè fúnra ẹ̀ nígbà tóyún bá ti ń gbó, kòkòrò àrùn nìkan sì lè gbé NGAL sókè. Ẹ ò rí i pé atọ́ka ni gbogbo wọn, wọn kì í ṣe ẹ̀rí?

Ọ̀kan tó kù ni "àtọ̀gbẹ aboyún" tí ẹ̀gbọ́n wa pe gestational diabetes. Obìnrin tó ti ní àtọ̀gbẹ látọdún márùn-ún kó tó lóyún, aboyún alátọ̀gbẹ lòun náà, kídìnrín tiẹ̀ sì ti lè máa jìyà bọ̀ tipẹ́. Àmọ́ gestational diabetes tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún, omi ara (họ́mónù) tó ń wá látinú ibi ọmọ ni kì í jẹ́ kí insulin tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù ráyè ṣiṣẹ́. "Àtọ̀gbẹ tóyún fà" ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní lábù tàbí tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé "ọgbẹ́" ò ní já aláboyún láyà jù? Tó bá máa já a láyà, mo gba "ìpalára", àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ ká kó iṣẹ́ àti ọgbẹ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.