Ẹ gbà mí o: áńtẹ́nà mẹ́rin, drone kan, àmọ́ ibi méjì ló ń fi hàn mí

Aṣọ́fúrufú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo to áńtẹ́nà mẹ́rin sórí pátákó láti fi ṣọ́ drone lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, kò sí mọ́tò tó ń yí i, sọ́fítíwìà ni mo fi ń darí apá tó ń gbọ́ sí. Tí drone bá wà níwájú gan-an, ó ń sọ òótọ́. Àmọ́ tó bá ti yà sápá ọ̀tún, bíi 40 dìgírì báyìí, ó tún máa fi òmíràn hàn mí lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ló wà lókè, èmi fúnra mi ni mo gbé e sókè! Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Bọ̀dá Ìgbì: Àlàfo àárín wọn ńkọ́? Gígùn ìgbì 2.4 ò ju bíi 12 sẹ̀ǹtímítà lọ, àlàfo yẹn ò sì gbọdọ̀ kọjá ìdajì ẹ̀, ìyẹn 6. Tó bá ti fẹ̀ jù, èyí tó wá láti ọ̀tún àtèyí tó wá láti òsì á jọra lójú sọ́fítíwìà, kò ní mọ èwo ni èwo.

Aṣọ́fúrufú: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rúlà wọ̀n ọ́n ni, 9 ni!!

Ìyá Wáyà: Ẹ wo kébù náà o, ibẹ̀ ló ti jẹ mí níyà jù. Ìgbì kì í sáré nínú kébù tó bó ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́, torí náà tí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré gùn ju ìyókù lọ, phase ẹ̀ (ìyẹn ibi tí ìgbì bá dé nínú lílọ sókè sódò ẹ̀, tí odindi ìgbì kan jẹ́ 360 dìgírì) á ti yẹ̀ ní bíi 45 dìgírì, ibi tó ń tọ́ka sí á sì ṣì lọ. Ẹ gbé transmitter kékeré, ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì jáde, síwájú pátákó gan-an, bíi mítà 10, níbi tí ò sí ògiri tàbí irin tó máa dá ìgbì padà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gbọ́ phase kan náà, èyí tó bá yàtọ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí sọ́fítíwìà máa yọ ọ́ kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kó máa wá a kiri lápá kọ̀ọ̀kan, ìgbì drone ń fò láti channel (ojú ọ̀nà ìgbì) kan dé òmíràn, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó ti lọ. Ẹ gba signal mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kó ṣírò gbogbo apá lẹ́ẹ̀kan náà.

Aṣọ́fúrufú: Mo ti sún wọn sí 6, ti òsì yẹn ti pòórá! Ẹ ṣeun gan-an mà. Kébù kẹta ló gùn lóòótọ́, mo ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé mo lè fi pátákó yìí ṣọ́ 5.8 náà?

Bọ̀dá Ìgbì: Rárá o, àbúrò. Gígùn ìgbì yẹn ò ju bíi 5 sẹ̀ǹtímítà lọ, pátákó míì ni, kó má ju 2.5 lọ láàárín wọn.