Èsì: Spíkà kì í dití

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ìlànà tí àbúrò wa kan kọ síbí fún àwọn tó ń lo Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), lórí ohun tí èèyàn máa ṣe bí spíkà láptọ́ọ̀pù bá kọ̀ tí kò dún. Iṣẹ́ náà dára. Ó ní ká ṣí tẹ́mínà, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ká tẹ alsamixer, ètò tí a fi ń tún ìró ṣe, ká fi F6 yan káàdì ìró (sound card), ká wá wo ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. Bí MM bá wà níbẹ̀, ká tẹ M kó di 00. Títí dé ibẹ̀, mo ń bá a lọ. Àfi bó ṣe pe MM yìí, ìyẹn mute lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní «ìdití».

Ìdití kẹ̀! Etí mélòó ni spíkà ní? *Di* àti *etí* ló bí dití. Spíkà kì í gbọ́, sísọ ni tirẹ̀. Ká ní máìkì ni wọ́n tì pa, mi ò bá má janpata. Ọ̀gá kan wá dá sí i pé «ìyadi» ló tọ́. Ọ̀gá, ẹ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó yadi ò lè fọhùn bó ti wù kó fẹ́. Èyí tí ẹ tẹ M lẹ́ẹ̀kan tó bú sí ariwo, ṣé odi nìyẹn? Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ni. «Pa ẹnu mọ́» ni gbogbo wa ń gbọ́ lẹ́nu ìyá wa. Kí ló dé tí kò tún dára tó nígbà tó kan kọ̀ǹpútà?

Ibi tí mo ti lè gbà kí ẹ dá àrà ni Auto-Mute Mode, ìyẹn èyí tó wà nínú alsamixer tó ń pa spíkà lẹ́nu mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ki wáyà hẹ́dífóònù bọ ihò rẹ̀, spíkà á dákẹ́. Nígbà míì, ẹ ti yọ ọ́ tán, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, bí ìyàwó tó ń bá ọkọ yodì. Yíyan odì gan-an nìyẹn, ẹ lọ sọ ọ́ di Disabled. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àmì o: odi ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, odì là ń yàn, òdì la sì ń gba ọ̀rọ̀ sí. Àbúrò, o kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà.

«Ìjáde odi» tó fi túmọ̀ Dummy Output, tó máa ń hàn níbi tí orúkọ spíkà yẹ kó wà, ló wá bí mi nínú jù. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kan ẹnu rárá. Ẹ̀rọ ò rí káàdì gidi kankan ni, ló bá gbé ayédèrú kalẹ̀ kí orin lè rí ibi dà sí. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel tuntun, fíámúwíà SOF, ètò tí káàdì ìró fi ń ṣiṣẹ́, ni kò sí níbẹ̀: firmware-sof-signed ló ń jẹ́ lórí Debian, sof-firmware lórí Arch, oríṣi Linux méjì. Fi í sí i, tan ẹ̀rọ padà. Bí káàdì bá wà tí PipeWire, ètò tó ń darí ìró lórí Linux, kàn ṣe wèrè, `systemctl --user restart wireplumber pipewire pipewire-pulse` tó o. «Ìjáde ayédèrú» ni tèmi.

Ẹni tó ní ọ̀lẹ ni wá tí a bá kọ spíkà, pé «agbóhùnjáde» ni bàbá òun tó jẹ́ hẹdimásítà ń lò, mo kí bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rediffusion dé Èkó ní 1935, àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri kì í ṣe rédíò. Spíkà lásán ni, wáyà ló ń gbé ohùn wá bá a láti ilé iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nílé, òun ni àwọn àgbà wò tí wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì: asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọn ò ṣí ìwé atúmọ̀ kankan. Rédíò kàn jogún orúkọ ni. Bí ẹ ò bá fẹ́ spíkà, ẹ dá ohun olóhun padà fún un.

Kí ni ká wá pe sound, ohùn tàbí ìró? Ìró ni mo fara mọ́, agogo ń ró, ìlù ń ró. Àmọ́ «kaadi iro» tí àbúrò kọ láìlámì, káàdì irọ́ ni mo kọ́kọ́ kà á sí. Ọ̀gá sì ní àmì ò pọn dandan lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ fún mi lésì lórí «àwọ̀n» tí ẹ fi pe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró.