Ìyá ọkọ mi ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè, kí ni kí n ṣe?

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ti pé ọdún kan ààbọ̀, ògì lásán ló ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kò tẹ̀wọ̀n tó, kí n tètè wá púrótéènì fún un kí ara rẹ̀ má lọ wú. Ó ní oríṣi amino acid 20 ló ń so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó di púrótéènì, pé 9 nínú wọn, inú oúnjẹ nìkan la ti ń rí wọn. Lysine, ọ̀kan nínú àwọn 9 náà, kéré nínú àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì, ẹ̀wà ní tirẹ̀ dáadáa. Ẹyin ní gbogbo wọn pé.

Ìyá ọkọ mi fárígá: "Ọmọ tó bá ń jẹyin, olè ni yóò jà!" (Àwọn fúnra wọn ń jẹ méjì láàárọ̀ o.)

Mo fún un ní mọ́ínmọ́ín lánàá. Ó tu ṣíbí àkọ́kọ́ sí mi láyà, ó jẹ ìyókù. Ṣé kí n máa lọ sóyà mọ́ ògì ni, àbí edé gbígbẹ? Ta ló sì ti bá màmá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí tí kò dìjà?