Mo fẹ́ mú bàbá mi lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pọn wíìskì ní Islay, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí wa ní Manchester lóṣù karùn-ún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mu Laphroaig, wíìskì kan tí wọ́n ń ṣe ní Islay. Wọn kì í mu ún ní àmujù, ìgò kan a máa pẹ́ lọ́wọ́ wọn, èéfín tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ibi tí èéfín yẹn ti ń wọnú ọtí. Bàbá mi kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣe é dáadáa.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé erékùṣù ni Islay, lápá ìwọ̀ oòrùn Scotland, orúnkún Bàbá kò sì gba wàhálà mọ́. Ọkọ mi ló máa wa mọ́tò, òun náà sì fẹ́ tọ́ ọ wò. Ṣé a lè ti Glasgow lọ ká sì padà lọ́jọ́ kan náà? Ṣé ká mú ọmọ wa kékeré dání?

Ìyá Ìbejì, Glasgow: Ẹ kú ìmúra àlejò, Bàbá á jèrè yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àlọ àti àbọ̀ lọ́jọ́ kan. Láti Glasgow dé Kennacraig, níbi tẹ́ ẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi, tó wákàtí méjì ààbọ̀. Orí omi náà ju wákàtí méjì lọ, bí ìjì bá sì le, wọn ò ní gbéra. Port Ellen, èbúté kan ní Islay nítòsí Laphroaig, ni kẹ́ ẹ sùn. Ẹ tètè gba àyè mọ́tò yín sílẹ̀, torí ìparí oṣù karùn-ún ni àjọ̀dún wíìskì wọn, ilé ìtura a máa kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ òfurufú wà láti Glasgow, kò tó wákàtí kan, bí owó bá wà.

Àbúrò Edinburgh: Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò mú wọn lọ Glengoyne, ibòmíì tí wọ́n ti ń pọn wíìskì? Nǹkan bíi máìlì 14 péré sí Glasgow, kò sí ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀, ọdún 1833 ni wọ́n sì ti wà.

Ọmọ Ìlàjẹ, London: Glengoyne dára, mi ò bù ú kù, ṣùgbọ́n wọn kì í fi èéfín gbẹ ọkà wọn. Ohun tí Bàbá ń wá kò sí níbẹ̀.

Èmi ti dé Laphroaig, ọmọ ẹni tó ń sè ogógóró sì ni mí. Kí Bàbá rí i dájú pé wọ́n mú àwọn dé ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ọkà báálì sí. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ọkà náà sómi, wọ́n á wá tẹ́ ẹ síbẹ̀ kó lè hù, wọ́n á máa yí i kó má baà dì pọ̀. Bó bá hù tán, wọ́n á fi iná peat gbẹ ẹ́. Koríko àti ewéko tó jẹrà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló di peat. Wọ́n á gé e nínú àbàtà bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a, wọ́n á dáná sí i. Inú ọkà ni èéfín ti ń wọlé, kí ọtí tó di ọtí rárá.

Bí wọ́n bá ti fi ọkà náà pọn ọtí bíi bíà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń se ọtí yẹn nínú ìkòkò bàbà ńlá ọlọ́rùn gígùn. Màmá mi máa ń se ẹmu ògùrọ̀ nínú dírọ́ọ̀mù, ooru rẹ̀ á gba páìpù kọjá nínú omi tútù, á máa kán. Ọ̀nà kan náà ni. Màmá kì í lo èyí tó kọ́kọ́ kán, àwọn náà kì í mú un lọ tààrà sínú àgbá. Inú àpótí onígíláàsì kan tí wọ́n tì pa ni ọtí ń ṣàn gbà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á ya orí (èyí tó kọ́kọ́ ṣàn) àti ìdí rẹ̀ (èyí tó ṣàn kẹ́yìn) sọ́tọ̀, àárín nìkan ló ń lọ sínú àgbá igi oak. Ó kéré tán, á lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí òfin tó jẹ́ kí wọ́n pè é ní Scotch, ìyẹn wíìskì Scotland. Ẹ má kánjú kúrò nídìí àpótí yẹn.

Ní ti orúnkún, àtẹ̀gùn irin ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Ẹ fi ọmọ kékeré sílé, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen: Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni tèmi, mo sì máa sọ ojú abẹ níkòó. Òfin ọtí àti mọ́tò ní Scotland le ju ti England lọ. Láti oṣù Kejìlá 2014, 50 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ni òpin, 80 ni ti England. Ẹni tó bá máa wa mọ́tò, kó má fẹnu kàn án rárá. Ẹ béèrè ìpín awakọ̀, wọ́n sábà máa ń rọ ọ́ sínú ìgò kékeré kó lè mu ún bó bá délé. Tàbí kẹ́ ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà láti Port Ellen tó gba Laphroaig àti Lagavulin dé Ardbeg, ibi tí wọ́n ti ń pọn wíìskì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bíi máìlì mẹ́ta ni ọ̀nà náà. Kí ọkọ yín fẹsẹ̀ rìn, kí Bàbá wọ takisí. Ẹ má sì wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, ọtí ò ní jẹ́ kí ahọ́n mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. A máa sùn síbẹ̀, Laphroaig nìkan la máa wọ̀, ọmọ á dúró ti àbúrò mi. Mo ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi báyìí.

Ìyá Ìbejì, Glasgow: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ wo orúkọ èbúté dáadáa. Port Askaig náà wà ní Islay, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Laphroaig. Port Ellen ni kẹ́ ẹ mú. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Bàbá jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí ìta bẹ́ ẹ bá ń súnmọ́ èbúté, wọ́n á rí orúkọ Laphroaig gàdàgbà lára ògiri funfun tó kọjú sí òkun.